Iyùn Àlájà Ràfátù àti Afọ̀rọ̀múnisùn

Àlájà Ràfátù gbé ìdì iyùn sétí, ó mì í, ó sì figbe ta.

"Kì í ṣe ohùn wọn nìyí! Ẹ gbà mí o! Kì í ṣe ohùn iyùn wa nìyí!"

Ará ilé rọ́ dé. Wọ́n bá ìyá arúgbó lórí ẹní nínú yàrá rẹ̀. Àpótí onígi ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lẹ́nu àpótí. Ìdì aṣọ àlàárì pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iyùn ìdílé ló wà nínú ìdì yẹn. Ní agbolé Òkè-Ọ̀gbà, ní Òmù-Àrán, ọmọbìnrin kì í relé ọkọ láìfi iyùn náà sọ́rùn. Ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n ń tú ìdì, lójú gbogbo obìnrin ilé. Ọjọ́ mìíràn, èèwọ̀ ni. Ojú Àlájà sì ti ń ṣe bàìbàì, kò ríran mọ́ bíi ti àná. Etí ló fi ń ṣọ́ iyùn. Bó bá ti kírun Jímọ̀ tán, á gbé ìdì sétí, á mì í. Iyùn á dáhùn, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí, Bilqis ọmọ ọmọ rẹ̀ ti Èkó dé. Sátidé ni yìgì rẹ̀. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀, ìyá àgbà ní òun yóò mi iyùn kí ìyàwó ojú ọ̀nà gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn sì yí padà.

"Ó ń ró bí òkúta wẹ́wẹ́," ni Bilqis wí.

"Òkúta ni wọ́n kó sí i!" Gbogbo ilé gbè é.

Àlájà ò jẹ́ kí wọ́n tú u. Ó ní ọlọ́pàá ni yóò tú u, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé ọwọ́ ará ilé ló bà á jẹ́. Ó fi ìdì náà sáyà, ó jókòó tì í di ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ilé kò dúró de ọlọ́pàá. Wọ́n ti mọ olè. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti gbé orin lọ sójú ọ̀nà Èsìẹ́.

Níbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù Tèmi Adéyanjú wà. Ọmọ Òmù-Àrán ni Tèmi. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì l'Ékòó kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní hipinotẹ́rápì. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ló fi ń tọ́jú èèyàn. Ẹni tí kò róorun sùn ń róorun sùn, amusìgá ń ju sìgá nù. Ahọ́n ará ìlú kò lè gbé orúkọ iṣẹ́ náà, ni wọ́n bá sọ ọ́ di Afọ̀rọ̀múnisùn. Àwọn tí ẹnu wọn korò jù ń pè é ní gbájúẹ̀ oníjókòó, nítorí àga rírọ̀ tó ní. Láti ìgbà òjò ló ti ń wá sí yàrá Àlájà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí Àlájà kò sùn mọ́ láti ìgbà tí mọ́tò pa Khalilullah ọmọ rẹ̀, bàbá Bilqis, lọ́nà Àjàsẹ́. Tèmi á wọlé, á pa ilẹ̀kùn dé. Àpótí iyùn wà nínú yàrá kan náà.

Kí lẹ tún fẹ́ kí wọ́n wá kiri?

* * *

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Ìnísípẹ́kítọ̀ Jàmílàt Sàláwù bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ọlọ́pàá níwájú ṣọ́ọ̀bù Tèmi. Ọmọ Rórè ni. Obìnrin gẹ̀ǹgẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Kọ́ńsítébù Ignatius tẹ̀ lé e. Pátákó Tèmi ti fọ́ sí méjì nílẹ̀. Tèmi ti ara rẹ̀ mọ́lé. Àwọn obìnrin Òkè-Ọ̀gbà kún ojú títì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Fulera ló ń dá orin. Òun ni ìyàwó Mùstàfá, àkọ́bí Àlájà tó ń gbé Èkó. Gbogbo ilé ń pè é ní Ìyá Sẹ̀lí. Onídìrí ni. Kò sí orí obìnrin kan ní agbolé tí kò sí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí orin èébú kan tí kò tẹnu rẹ̀ jáde.

*Afọ̀rọ̀múnisùn, ó wọlé ońlé,*
*— Ó wọlé!*
*Ó ní kí Ìyá dijú, Ìyá dijú,*
*— Ó dijú!*
*Ó kó iyùn pupa, ó fèkùrọ́ rọ́pò,*
*— Ó rọ́pò!*
*Òwú ló fi so wọ́n, wọ́n tò bí iyùn,*
*— A ó lé e lọ, a ó lé e lọ!*

Orin náà dùn, kí a má purọ́. Ẹsẹ̀ Jàmílàt fẹ́ dáhùn nínú bàtà ọlọ́pàá. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Àǹtí ọlọ́pàá!" Fulera ké. "Ẹ mú un kó tó fọ̀rọ̀ sọ yín di òmùgọ̀! Àwọn àgbà ilé ti sọ̀rọ̀. Bí iyùn kò bá dé kí wọ́n tó kírun Jímọ̀, ẹrù rẹ̀ á wà lójú títì, iná á sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù!"

"Ẹni tó bá ṣáná síbí yóò bá mi sùn ní àtìmọ́lé," ni Jàmílàt wí. "Mo máa ń han-an-run o, mo ti kìlọ̀."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, Jàmílàt gan-an kórìíra Tèmi láìtíì rí i. Gbájúẹ̀ ti gba gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní rí, l'Ọ́fà, lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀gbọ́n náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o fún wọn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ń fi ẹnu rọ̀ṣọ̀rọ̀ṣọ̀ jẹun, ọ̀tá Jàmílàt ni.

Ó fi kọ́ńsítébù mìíràn ṣọ́ ilẹ̀kùn Tèmi, ó sì kọjá sí agbolé.

* * *

Nínú yàrá Àlájà, Jàmílàt wẹ ọwọ́, ó ṣe bísímílà, ó tú ìdì.

Gbogbo ojú là. Èkùrọ́ ni! Èkùrọ́ dúdú kínríkínrí. Òwú dúdú ló wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó so wọ́n tẹ̀ léra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Yéè!" ni Bilqis ké. "Èmi rò pé òkúta ni!"

"Gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀," ni Àlájà wí. Omi ń jáde lójú rẹ̀.

Jàmílàt mú èkùrọ́ kan, ó mì í létí. Ó ń sọ kọ́ọ̀-kọ́ọ̀. Ọmọ inú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti já kúrò lára èèpo, ó ń yí kiri nínú ilé rẹ̀. Jàmílàt jù ú sápò.

"Ìyá, níbo ni kọ́kọ́rọ́ àpótí ń gbé?"

"Etí ìró mi lọ́sàn-án. Abẹ́ ìrọ̀rí mi bí mo bá fẹ́ sùn."

"Ẹ kì í sùn tẹ́lẹ̀, àbí?"

"Ọmọ mi, ọdún wo ni màá kà fún ọ? Òwìwí àti èmi la jọ ń mọ́jú. Ìgbà tí ọmọ Adéyanjú bẹ̀rẹ̀ sí í wá ni oorun padà rántí mi."

"Ṣé ó máa ń mú yín sùn lórí àga?"

Àlájà nu ojú. "Mo rò pé mo máa ń gbọ́ ọ. Ó máa ń ní kí n dijú, kí n rántí odò Àrán-Ọ̀rin nígbà ọmọdé. Mo rò pé mo máa ń gbọ́ ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n Ìyá Sẹ̀lí ní mo máa ń sùn bí òkú. Mi ò mọ̀ mọ́."

Fulera ti wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mo yọjú lójú fèrèsé! Aago wúrà ló so mọ́ okùn, ó ń fì í síwá sẹ́yìn lójú Ìyá. Ìyá kàn ń wò ó bí adìẹ tó rí ejò!"

"O ríran," ni Jàmílàt wí.

"Ọlọ́run ló fún mi lójú."

Bí wọ́n ti ń jáde, ọkùnrin kan dì mọ́ ọwọ́ Jàmílàt ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàhàyá ni, àbíkẹ́yìn Àlájà, akọ̀wé ní ọ́fíìsì káńsù. Ètè rẹ̀ gbẹ.

"Ẹ mú mi," ló wí. "Èmi ni mo jí i."

Ignatius ti fa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yọ. Jàmílàt fi ojú dá a dúró.

"Báwo lo ṣe jí i?"

"Mo lọ sọ́dọ̀ Tèmi lọ́sẹ̀ tó kọjá, kó bá mi lé sìgá lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó mú mi sùn. Ó ní kí n kó iyùn wá."

"O gbọ́ ọ tó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá."

"O rántí ìgbà tí o ṣí àpótí?"

"Ó ń wá díẹ̀díẹ̀. Mo rí ọwọ́ mi lára kọ́kọ́rọ́. Mo rí ìdì pupa. Àná ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i."

"Àná! Ta ló sọ fún ọ pé o ṣe é?"

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun rí mi, mò ń rìn bí ẹni tó ń sùn, mo wọ yàrá Ìyá. Ó ní òun bo àṣírí mi nítorí pé ọkọ òun kékeré ni mo jẹ́. Ó sọ ọ́ fún mi lọ́sàn-án àná, ó tún sọ ọ́ bí mo ti ń jẹun lálẹ́, ó tún sọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi á pa mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ kí ó tó ti Èkó dé."

"Níbo lo ti rí èkùrọ́?"

Yàhàyá la ẹnu. "Mi ò tíì rí ìyẹn."

"Sìgá ńkọ́? O ṣì ń mu ún?"

"Mi ò fẹnu kàn án mọ́."

"Ó dára. Lọ jẹun."

Níta, Ignatius ń wo Jàmílàt bí ẹni tí ojú òpópónà dàrú mọ́ lójú. "Màdáámù, ọkùnrin jẹ́wọ́, ẹ ní kó lọ jẹun?"

"Ebi ń pa á. Ìwọ ò rí ètè rẹ̀ ni?"

* * *

Tèmi ṣílẹ̀kùn fún wọn lọ́sàn-án. Ojú rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rọ̀.

"Ẹ ti wá mú olè?"

"Mo wá wo bí olè ṣe ń ṣiṣẹ́," ni Jàmílàt wí. "Kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà nínú àpò mi. Mú mi sùn. Ní kí n yọ ọ́ fún ọ. Bí mo bá yọ ọ́, o ti dèrò ẹ̀wọ̀n. Ignatius, máa wò mí."

"Màdáámù, bí ó bá sọ yín di ewúrẹ́ ńkọ́?"

"So mí mọ́ igi, kí o já ewé fún mi."

Tèmi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ẹ jókòó. Mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ láìbéèrè. Kí ló ń ṣe yín tí ẹ fẹ́ kó lọ?"

"Mo máa ń wa eyín pọ̀ lójú oorun. Ọkọ mi ní ó dà bí ẹni ń lọ ata."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ máa bá pàdé. Kì í ṣe oorun. Ẹ máa gbọ́ mi, ẹ máa gbọ́ ọ̀kadà níta. Ara ẹlòmíràn máa ń wúwo, tẹlòmíràn á fúyẹ́. Ẹlòmíràn kì í mọ ohunkóhun lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá sú yín, ẹ dìde. Ohun tí ọkàn yín bá kọ̀, ẹnu mi ò lè mú yín ṣe é. Kì í sì í wo gbogbo èèyàn sàn."

"Aago ńkọ́? Gbé aago wúrà rẹ jáde."

"Aago wo?"

"Èyí tí o ń fì lójú Àlájà."

Tèmi wò ó bí ẹni wo aṣiwèrè. "Inú fíìmù lẹ ti rí ìyẹn. Àlájà kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ dáadáa, aago wo ni màá máa fì fún un? Ẹni tí mò ń ní kó dijú?"

Jàmílàt jókòó. Àga náà gbà á mọ́ra bí ìyá.

Tèmi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kó tẹjú mọ́ ibì kan lára ògiri. Ó ní kó mí wọlé, kó mí jáde, kó má kánjú. Kí èjìká wálẹ̀. Kí eyín òkè má fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń lọ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ bí omi inú ìkòkò tuntun. Ojú Jàmílàt pàdé. Odò Rórè ló rí, ìyá rẹ̀ ń fọ irú létí omi, orin ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ Jàmílàt wúwo. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tú. Ó gbọ́ tí Ignatius ń họ orí. Ó gbọ́ tí àwọn obìnrin ń ṣépè fún Tèmi lójú títì.

"Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀," ni ohùn pẹ̀lẹ́ náà wí. "Ẹ fi í fún mi."

Ọwọ́ Jàmílàt kò mira. Nínú lọ́hùn-ún, ọkàn rẹ̀ dìde bí ajá ẹnu ọ̀nà.

"Mi ò yọ ọ́," ló wí, ojú rẹ̀ ṣì pàdé.

"Mo mọ̀," ni Tèmi wí. Ó ní kó la ojú.

Jàmílàt la ojú. Inú bí i. Ohun tó bí i nínú ni pé ó dùn mọ́ ọn, kò sì fẹ́ kí ó dùn.

"Kí ló wá ṣe ẹ̀gbọ́n mi l'Ọ́fà nígbà náà? Ó ní ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi gbé òun lọ."

"Mi ò sí níbẹ̀, Màdáámù. Ìbẹ̀rù lè ṣe é. Ìlérí lè ṣe é. Ìtìjú á sì mú kéèyàn sọ pé oògùn ni."

Ọ̀rọ̀ náà gún Jàmílàt lọ́kàn. Ó yí ọ̀rọ̀ dà. "Ṣé ẹnu èèyàn lè mú ẹlòmíràn rántí ohun tí kò ṣe?"

"Ó lè ṣe é, láìsí àga kankan. Ẹni tí ẹ̀rù bà, tí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ń tẹnu mọ́ ọn pé 'o ṣe é, mo rí ọ', kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lójú inú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kì í sọ ohun tí wọ́n máa rí fún wọn. Mo máa ń bi wọ́n ni."

Jàmílàt dìde. "Mi ò tíì fẹ́ràn rẹ."

"Èmi náà ò fẹ́ràn yín," ni Tèmi wí, ó sì tilẹ̀kùn.

* * *

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, gbàgede Òkè-Ọ̀gbà ń hó. Fulera ń kó irun Bilqis fún yìgì. Ó jókòó lórí àpótí, Bilqis jókòó nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí tìmùtìmù onídìrí, bí gbogbo obìnrin ilé ti ń jókòó bí wọ́n bá wá dirí. Òwú dúdú wà lẹ́nu Fulera. Àwọn obìnrin yí wọn ká. Àlájà wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, Yàhàyá fara ti ògiri.

"Màá Fulera, tìmùtìmù yín yìí ń gún mi," ni Bilqis ń ráhùn.

"Ìdí Èkó ni kò lè gba ìyà. Jókòó jẹ́ẹ́."

Jàmílàt gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, ó wọlé tòun ti Ignatius. Ó ń jó! Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, ó ń mi èjìká.

"Ẹ kọ orin yẹn fún mi," ló wí. "Kò kúrò lọ́kàn mi láti àná."

Inú àwọn obìnrin dùn. Wọ́n gbé e. *Ó kó iyùn pupa, ó fèkùrọ́ rọ́pò. Òwú ló fi so wọ́n, wọ́n tò bí iyùn.* Jàmílàt pàtẹ́wọ́, ó gbè é dé ìparí. Lẹ́yìn náà ó dúró.

"Orin yìí dára. Ta ló dá a?"

"Ìyá Sẹ̀lí!" Wọ́n fi ìgbéraga sọ ọ́.

"Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́?"

"Kí la fẹ́ ràn án? Àwa ń gbè ni."

"Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ kọ ọ́?"

"Ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun," ni ọ̀kan wí. "Ọjọ́ tí a fọ́ pátákó rẹ̀."

"Ìgbà wo ni mo tú ìdì?"

Àwọn obìnrin ń wo ara wọn. Àdàbà kan ń ké lórí páànù. Ó dà bíi pé òun nìkan ló kù láyé.

"Ọjọ́rú," ni Bilqis wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ọjọ́rú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ilé yìí ń pariwo òkúta. Ìyá ní òkúta, ìyàwó ní òkúta. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní èkùrọ́."

Ọwọ́ Fulera kò dúró lórí irun. "Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Mo mọ ìró èkùrọ́. Ọmọ elépo ni mí."

"Mo gbà. Òwú ńkọ́, Ìyá Sẹ̀lí? Etí wo ló ń gbọ́ òwú nínú aṣọ dídì?"

Ọwọ́ náà dúró.

Jàmílàt fa èkùrọ́ yọ nínú àpò, ó mì í. Kọ́ọ̀-kọ́ọ̀. "Èkùrọ́ tútù kì í sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n kó o sínú ìdì, ó tutù, ó ń lu ara rẹ̀ bí iyùn, Ìyá ń mì í lọ́jọọjọ́ Jímọ̀ kò sì fura. Ọyẹ́ dé, ó gbẹ, ọmọ inú rẹ̀ já, ohùn di méjì. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Yàhàyá, ọ̀sẹ̀ tó kọjá lo kọ́kọ́ jókòó sórí àga Tèmi. Ìwọ kọ́ lo jí i. Ohun tí o ń rí lójú inú, ẹnu ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ló kó o síbẹ̀."

Yàhàyá kúrò lára ògiri, ó lọ dúró ti àga ìyá rẹ̀.

"Ìyá Sẹ̀lí ní òun rí aago wúrà lójú fèrèsé," ni Jàmílàt tún wí. "Aago wo? Fún ìyá tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì? Èkùrọ́ tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ ni èyí, wọ́n fi òwú wé e tí kò yọ̀. Èmi ò lè wé e. Ta ló lè wé e nínú yín, yàtọ̀ sí ẹni tó ń fi òwú wé irun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?"

Gbogbo ojú wo òwú ẹnu Fulera. Fulera tu ú sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò tíì rí iyùn ṣá. Ẹ máa wá a lọ."

"Mi ò ní wá a," ni Jàmílàt wí. "Ìyàwó, dìde níbẹ̀. Kí ló ń gún ọ?"

Bilqis fò dìde. Ignatius mú abẹ onídìrí, ó la tìmùtìmù láti orí dé ìdí. Ẹ̀gbọ̀n òwú tú jáde, iyùn sì tẹ̀ lé e, pupa bí ẹyin ojú àparò. Igbe sọ.

"Láti ìgbà òjò!" Fulera na ọwọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Láti ìgbà òjò ni gbogbo ìdí yín ti ń jókòó lé e! Ìwọ! Ìwọ náà! Iyùn ìdílé! Mo ń fi irun yín ṣẹ̀ṣọ́, mo ń fi ìdí yín fọ ọ́!"

"Fulera," ni Àlájà wí. "Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ ń béèrè? Sẹ̀líátù mi! Ẹ ní oyún ti yọ kó tó relé ọkọ, ẹ ní ọrùn ẹlẹ́ṣẹ̀ kò gbọdọ̀ ru iyùn. Ọmọ mi jáde nílé yìí lọ́rùn òfìfo bí ẹrú. Wọ́n kọrin ẹlẹ́yà sìn ín dé ìdí mọ́tò. Wọ́n ní kí èmi ìyá rẹ̀ gbè é, ìyàwó ilé ni mí. Mo gbè é! Ẹnu mi yìí ló gbè é! Mo ní kò tún sí ọrùn kan tí yóò ru ú. Ṣùgbọ́n ẹ kì í sùn. Ọdún lẹ fi lajú lé kọ́kọ́rọ́. Ìgbà tí ọmọbìnrin yẹn dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Òun ló fún yín lóorun, èmi ni mo jẹ ẹ́."

"O sì fẹ́ kí wọ́n dáná sun ilé rẹ̀," ni Jàmílàt wí. "O tún fẹ́ kí ọkọ rẹ kékeré ṣẹ̀wọ̀n."

"Akọ̀wé ni. Wọn ì bá ti bá a bẹ̀bẹ̀."

Ignatius fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Bilqis dúró pẹ̀lú irun rẹ̀, ìdajì kíkó, ìdajì fífọ́nká. Kò sẹ́ni tó kọrin sin Fulera jáde. Ó wo ojú wọn títí dé ẹnu ọ̀nà, bí ẹni ń retí rẹ̀.

* * *

Ẹ máa rò pé ó parí. Ọ̀rọ̀ ìlú kì í parí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí wọ́n kírun tán, èrò tún kún ọ̀nà Èsìẹ́. Jàmílàt ti ń retí wọn, ó dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù.

"A ti mọ̀ pé kò jí iyùn," ni ìyàwó Awóyẹmí, ará ilé kejì, ń sọ. "Ṣùgbọ́n kó ṣáà máa lọ. Bí kò bá jí iyùn lónìí, á jí ọkàn èèyàn lọ́la. Ta ló mọ ohun tó ń ṣe fún wọn tí wọ́n bá dijú?"

"Kó máa lọ!" ni àwọn yòókù gbè é. Ìṣáná ti wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Tèmi dúró sẹ́yìn Jàmílàt, àpò aṣọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti dì í.

Èrò là sí méjì. Àlájà Ràfátù ló ń bọ̀, ó di apá Yàhàyá mú. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gun àtẹ̀gùn wọlé, ó fi ọwọ́ wá àga rírọ̀ náà kiri, ó ní kí Yàhàyá gbé e síta. Yàhàyá gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú gbogbo ayé, nínú oòrùn. Àlájà jókòó.

"Gbé àpò yẹn sílẹ̀," ló wí fún Tèmi. "Láti Ìṣẹ́gun ni mi ò ti sùn. Bẹ̀rẹ̀."

"Ìyá, níwájú wọn?"

"Níwájú ta ni mo fẹ́ ṣe é? Ṣe ohun tí o máa ń ṣe."

Tèmi wo Jàmílàt. Jàmílàt gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohùn pẹ̀lẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Mí wọlé. Mí jáde. Èjìká kó wálẹ̀. Àlájà dijú. Ọwọ́ rẹ̀ tú lórí itan. Iwájú orí rẹ̀ tí ó ti ká jọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun wá tẹ́jú. Èrò na ọrùn. Ó pẹ́ díẹ̀, ìyá arúgbó kò mira.

"Ó ti lọ," ni ìyàwó Awóyẹmí sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ẹ wò ó, bí òkú. Ẹ bá mi wo ẹnu rẹ̀, kò ní eyín kan nínú mọ́."

Ojú Àlájà kò là. Ohùn rẹ̀ jáde lẹ́sọ̀, bí ẹni tó wà létí odò.

"Ìyàwó Awóyẹmí, eyín mi ṣì ku márùn-ún. Ìwọ ọmọkùnrin, mo gbọ́ ìṣáná rẹ, kó o padà fún ìyá rẹ kó fi dáná oúnjẹ. Tèmi, ọmọ mi, má dá wọn lóhùn. Odò ni a dé."